Ọmọ tó ń sáré kàwé: ṣé kí n dá a dúró ni?

Ìyá Àbẹ̀kẹ́ béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí àti olùkọ́. Ọmọ méjì ni mò ń kọ́ nílé láìrán wọn lọ sí ilé-ìwé. N kò pè é ní ẹ̀kọ́ ilé, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé bí ọmọ ṣe ń kí àgbà ni mo wá béèrè. Àkọ́bí jẹ́ obìnrin, ọmọ ọdún 9. Àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin, ọmọ ọdún 7. Láti ìgbà tí èyí ẹ̀gbọ́n ti mọ̀wé kà ni ìwé ti ń yá a lára, èmi náà sì ń fi í yangàn. A lẹ bébà gígùn kan mọ́ ara ògiri, níbi tí ó ti ń kọ orúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan tí ó bá kà tán. Láàárín oṣù mẹ́ta, orúkọ ìwé 41 ti wà níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ojú mi là. Ó ka ìwé ìtàn kan nípa àwọn ọmọ ìyá méjì tí wọ́n jà. Ọ̀sán kan ṣoṣo ni ó fi kà á tán, ó sì wá sọ fún mi pé ìtàn náà dùn, pé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ti parí ìjà, wọ́n sì ti jókòó pọ̀. Mo mú ìwé náà, mo ṣí i sí ibi tí wọ́n ti jókòó pọ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n bu omi fún àbúrò, àbúrò gba ife náà, ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì da omi náà sílẹ̀ láìfi kan ẹnu. Mo bi í pé, "Kí ló dé tó fi da omi náà nù?" Ó wò mí lójú, ó ní, "Omi wo, Màmá?"

Kì í ṣe pé kò lè ka gbólóhùn náà. Mo ní kí ó kà á sókè, ó sì kà á geere, kò kọsẹ̀ níbì kankan. Àmọ́ omi náà kò sí nínú ìtàn tí ó gbé jáde kúrò nínú ìwé. Mo wá mú mẹ́ta mìíràn lára ìwé 41 náà, mo bi í ní ìbéèrè kéékèèké nípa wọn, ohun kan náà ni mo bá: ó mọ àwọn tó wà nínú ìtàn, ó mọ bí ó ṣe parí, ṣùgbọ́n kò mọ ìdí tí nǹkan kan fi ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ni pé àbúrò rẹ̀ ń kàwé lọ́ra gan-an. Ó ń fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú ewé kan sì lè gbà á ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ti ń gbọ́ tí àwọn òbí kan ń yin kíkàwé jẹ́jẹ́ fún àwọn ọmọ tí a ń kọ́ nílé, pé òun ló dára jù. Ṣé ti àbúrò yìí ni wọ́n ń wí? Ǹjẹ́ àǹfààní gidi wà nínú rẹ̀, àbí ìtùnú lásán ni fún àwọn tí ọmọ wọn kò yára? Bí ó bá sì jẹ́ òótọ́, báwo ni mo ṣe máa dá ọmọbìnrin mi dúró tí n kò ní fi pa ìfẹ́ ìwé lára rẹ̀? Ẹnìkan nínú ẹbí ti ń sọ pé àwọn ọmọ tó ń lọ sí ilé-ìwé ti kàwé jù ú lọ, mo sì mọ̀ pé bí mo bá yọ bébà ara ògiri yẹn kúrò, wọn yóò ní ọ̀lẹ ti mú mi.

Olùkọ́ Tẹ́lẹ̀rí dáhùn pé:

Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọdún 14 ni mo fi ṣe olùkọ́ kí n tó jókòó sílé láti máa kọ́ àwọn ọmọ tèmi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́: èmi náà ti lẹ irú bébà bẹ́ẹ̀ mọ́ ògiri rí. Nígbà tí ọmọ 40 bá wà níwájú ẹni, ó rọrùn láti ka iye ìwé ju kí a wádìí ohun tó kù nínú ọmọ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tó pa ìwé dé. Agogo yóò dún, ìṣirò ni yóò tẹ̀ lé e. Bí ẹnìkan da omi nù bí kò dà á nù, kò sí àyè láti béèrè. Ẹ̀yin ní àyè náà. Ní tèmi, òun gan-an ni ọrọ̀ tó wà nínú kíkọ́ ọmọ nílé, ọ̀pọ̀ òbí kò sì ná an rárá, nítorí pé wọ́n tún gbé agogo ilé-ìwé wọ inú ilé.

Àǹfààní rẹ̀ kì í ṣe ìtùnú lásán. Ẹ wo bí ojú ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí ìwé. Kì í yọ̀ lọ lórí ìlà gẹ́gẹ́ bí a ti rò. Fífò ni ó ń fò. Yóò bà sórí ọ̀rọ̀ kan fún nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá, yóò fò ní ìwọ̀n lẹ́tà 7 sí 9, yóò tún bà. Nínú ìgbà 100 tí ojú àgbàlagbà tó mọ̀wé dunjú bá fò báyìí, nǹkan bí ìgbà 10 sí 15 ni ó máa ń fò padà sẹ́yìn láti tún ohun tó ti kọjá wò, a kì í sì í mọ̀ pé a ń ṣe é. Ní ọdún 2014, Elizabeth Schotter, Randy Tran àti Keith Rayner dán nǹkan kan wò: bí ojú ẹni tó ń kàwé bá ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ kan, kọ̀ǹpútà yóò bo ọ̀rọ̀ náà, tó fi jẹ́ pé bí onítọ̀hún bá bojú wẹ̀yìn, kò ní rí i mọ́. Àkàyé wọn já wálẹ̀. Ní ọdún 2016, lẹ́yìn tí Rayner ti kú, àtúpalẹ̀ ńlá kan jáde tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lórí àwọn tó ń polówó kíkàwé bí ẹni iná ń lé. Ibi tí wọ́n parí ọ̀rọ̀ sí ni pé kò sí ọgbọ́n tí a lè dá tí ìyára yóò fi di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta kí òye má dín kù.

Nítorí náà, kíkàwé jẹ́jẹ́ kì í ṣe pé kí ojú máa wọ́ lórí ìwé bí ẹni tí oorun ń kùn. Ohun tó jẹ́ ni pé kí ọmọ mọ̀ pé òun láṣẹ láti dúró, òun sì láṣẹ láti padà sẹ́yìn. Bébà ara ògiri yẹn ti kọ́ ọmọbìnrin yín ní òdìkejì rẹ̀, nítorí pé gbogbo ìgbà tí ó bá padà sẹ́yìn, ńṣe ni ó ń pẹ́ kí ó tó kọ orúkọ ìwé tuntun. Ẹ̀yin kọ́ ni ẹ rán an níṣẹ́ eré sísá. Bébà náà ló rán an.

Ẹ má gba àwọn ìwé tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ sáré ka ìwé eré, ẹ jẹ́ kó sáré. Ó ń kó ọ̀rọ̀ jọ lójú ọ̀nà, kò sì pàdánù nǹkan ńlá. Ìwé kan ṣoṣo ni kí ẹ yà sọ́tọ̀ láti máa kà pọ̀, ojú ewé mẹ́rin tàbí márùn-ún lójúmọ́. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, ìwé olómi yẹn gan-an ni n óò mú. Ẹ má sì fi ìbéèrè rọ̀jò lé e lórí, nítorí pé ìbéèrè mẹ́wàá lórí ojú ewé kan ti di ìdánwò. Ẹyọ kan tó. Nígbà tí ó bá dáhùn, ẹ má sọ fún un pé ó gbà á tàbí pé kò gbà á, ẹ kàn bi í pé, "Níbo lo ti rí i?" kí ó sì fi ìka tọ́ka sí ìlà náà. Bí kò bá rí ìlà kankan, òun fúnra rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé padà. N kò tíì rí irinṣẹ́ tó jù ìbéèrè kékeré yẹn lọ.

Ìyá Ọmọ Mẹ́rin dáhùn pé:

Mo fara mọ́ ohun tí Olùkọ́ sọ, àyàfi ibì kan tí n óò dé láìpẹ́. Ọ̀nà Charlotte Mason ni àwa ń tọ̀ nílé wa. Olùkọ́ ni obìnrin náà jẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n bí i ní ọdún 1842, ó sì kú ní ọdún 1923. Láti ọdún 1891 ni ó ti ń fi ètò ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí àwọn ìdílé tí ń kọ́ ọmọ wọn nílé, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àṣà tuntun. Ohun mẹ́ta ni a mú lára tirẹ̀. Èkíní, ẹ̀kọ́ àwọn kéékèèké kò gbọdọ̀ ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Èkejì, ìwé lè pọ̀ lọ́wọ́ ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni a ó máa ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ìwé kan fi lè bá wa gbé fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ̀kẹta, tí ó ṣe pàtàkì jù, ni pé bí a bá ti kà á tán, ọmọ yóò fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn ohun tí ó gbọ́, láìsí ìbéèrè, láìsí ìrànlọ́wọ́.

Ìròyìn yìí ni ó ń dá ọmọ dúró fúnra rẹ̀. Ọmọ tó bá mọ̀ pé òun yóò sọ ọ́ kò ní sáré. Ní ọdún 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ hàn pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Àwọn kan ka àyọkà kan lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn mìíràn kà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì gbìyànjú láti kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó kà á lẹ́ẹ̀mejì ló ṣe dáadáa jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà: ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kù lórí àwọn tó tún un kà, ìdá 56 sì ni ó kù lórí àwọn tó gbìyànjú láti rántí. Àgbà ni wọ́n, ọmọ ọdún 9 kọ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí nílé mi bá a mu.

Ibi tí èmi àti Olùkọ́ ti yapa rèé. Charlotte Mason kò fẹ́ kí a ka ìpínrọ̀ kan sí ọmọ létí lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní bí ọmọ bá ti mọ̀ pé a óò tún un kà, kò ní fetí sílẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ó pẹ́ kí n tó lóye èyí, nítorí ó jọ pé ó ta ko pípadà sẹ́yìn. Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé bí èmi bá ń ka ìwé sí wọn létí, ẹ̀ẹ̀kan ni, mo sì ń kà á jẹ́jẹ́. Bí ọmọ bá ń dá kà á fúnra rẹ̀, ojú rẹ̀ lómìnira láti padà bí ó bá ṣe fẹ́. Bóyá inú obìnrin náà ìbá dùn sí èyí tàbí kò ní dùn, kò sí níbí kí ó bá mi jà.

Ẹ má retí nǹkan ńlá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ o. Ìròyìn àkọ́kọ́ tí ọmọ mi kẹta ṣe ni pé, "Ọkùnrin kan lọ sí ibì kan." Ó parí nìyẹn. Mo dákẹ́, òun náà dákẹ́, mo sì ní ó ṣeun, a pa ìwé dé. Ẹnu ń yún mi láti béèrè pé ọkùnrin wo, ibo ni ó lọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí mo bá béèrè, lọ́jọ́ kejì yóò dúró de ìbéèrè mi dípò kí ó ronú. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìròyìn rẹ̀ tó gùn. Lọ́jọ́ tí ó gùn náà, ó sọ bí ilẹ̀kùn ṣe dún nígbà tí ọkùnrin náà ń wọlé, èyí tí èmi tí mo ka ìwé sí i létí ti gbàgbé.

Bàbá Ìbejì dáhùn pé:

Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò tó rán wa létí pé ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ìgbín kò ní ìdánwò tí wọn yóò lu agogo lé lórí. Ilé ni mo ti kọ́ àwọn ìbejì mi títí wọ́n fi pé ọdún 13, jẹ́jẹ́ ni a sì ń kàwé, bí ẹ ti ń wí yìí. Nígbà tí wọ́n jókòó sí ìdánwò àkọ́kọ́ tí ó ní àkókò, àyọkà mẹ́ta ni wọ́n fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn ka àkọ́kọ́ bí ẹni ń ka lẹ́tà olólùfẹ́, ó ka ìkejì bẹ́ẹ̀, kò sì tíì ṣí ìkẹta tí wọ́n fi ní kí wọ́n jáwọ́. Ohun tí ó dáhùn ni ó gbà jù. Ohun tí kò dé ibẹ̀ kò lè gbà. Ó sunkún dé ilé, èmi ni mo sì fà á.

N kò sọ pé kí ọmọ máa sáré o. Ohun tí mo ń sọ ni pé a gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ láti mọ irú kíkà tí ìwé kọ̀ọ̀kan fẹ́. Ẹni tó ń wá déètì kan nínú ìwé ìtàn ilẹ̀ kan kò ní láti ka gbogbo orí rẹ̀. Mo ti wá ń bi wọ́n báyìí kí a tó ṣí ìwé kankan pé, "Kí la wá ṣe nínú ìwé yìí?" Bí ó bá jẹ́ pé nǹkan kan la wá wá, a ó fi ojú gbá a lọ, bí ó bá jẹ́ pé a wá gbé ibẹ̀ ni, a ó jókòó. Kí n sì fi kún un pé ìwé mìíràn wà tí kò yẹ ẹni tí ń kà á jẹ́jẹ́. Ẹni tó kọ ọ́ gan-an kò fara balẹ̀.

Olùkọ́ Tẹ́lẹ̀rí tún dáhùn pé:

Bàbá Ìbejì, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, mo sì gbà pé ó yẹ kí n ti sọ ọ́. Àfikún kan ṣoṣo ni mo ní: láti ara kíkà jẹ́jẹ́ ni ọmọ ti lè kọ́ fífi ojú gbá ìwé, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá jẹ́ pé ojú gbígbá nìkan ló mọ̀, ó máa ń ṣòro kí ó tó jókòó.

Ó ku ọ̀rọ̀ àbúrò, tí gbogbo wa fò dá, òun ni ó sì jẹ mí lógún jù. Ìyá Àbẹ̀kẹ́, kíkàwé lọ́ra kì í ṣe kíkàwé jẹ́jẹ́. Ẹni tó ń kàwé jẹ́jẹ́ lè yára bí ó bá fẹ́. Ẹni tó ń kàwé lọ́ra kò ní yíyàn. Ní ọdún 1986, Philip Gough àti William Tunmer sọ ọ̀rọ̀ yìí bí ìṣirò: àkàyé jẹ́ èsì ìgbà tí a bá sọ agbára láti pe ọ̀rọ̀ láti ara lẹ́tà di púpọ̀ pẹ̀lú agbára láti gbọ́ èdè yé. Ìsọdipúpọ̀ ni, kì í ṣe ìròpọ̀. Bí ọ̀kan bá jẹ́ òdo, òdo ni gbogbo rẹ̀. Ọmọbìnrin yín ní ti lẹ́tà lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹ jẹ́ kí a mọ èyí tí ọmọkùnrin kò ní.

Ọ̀nà tí ẹ óò fi mọ̀ ọ́n nìyí. Ẹ ka ojú ewé kan sí i létí, kí ó sì ròyìn rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ ka ojú ewé mìíràn tó le bákan náà, kí ó sì ròyìn rẹ̀. Bí èyí tí ẹ kà sí i létí bá yé e tí èyí tí ó dá kà kò yé e, wàhálà rẹ̀ wà lọ́dọ̀ lẹ́tà. Gbogbo ọkàn rẹ̀ ni ó ń ná sórí pípe ọ̀rọ̀, kò sì sí èyí tó kù fún ìtàn. David LaBerge àti Jay Samuels ti ṣàlàyé èyí láti ọdún 1974. Ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ má yìn ín pé ó ń kàwé jẹ́jẹ́, ẹ ràn án lọ́wọ́ kí ó yára díẹ̀ sí i. Àbá tí Samuels dá ní ọdún 1979 ṣì wúlò títí di òní: àyọkà kúkúrú tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ 50 sí 200, kí ọmọ kà á sókè ní àkàtúnkà títí yóò fi máa yọ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ yẹ ojú rẹ̀ wò, ẹ yẹ etí rẹ̀ wò pẹ̀lú. Bí ó bá sì jẹ́ pé lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí ẹ ti ń fi lẹ́tà àti ìró kọ́ ọ dáadáa, kò sí ìyípadà, ẹ jẹ́ kí onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò fún dyslexia, ìyẹn ìṣòro tó máa ń mú kí kíka ọ̀rọ̀ le fún ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ pé. Ìtìjú kankan kò sí níbẹ̀, ìdádúró ni ó ń ba nǹkan jẹ́.

Ìwé tí ó ga ju agbára kíkà rẹ̀ lọ, ẹ máa kà á sí i létí lójoojúmọ́, kí òye rẹ̀ má baà dúró de ojú rẹ̀.

Akàwéjẹ́jẹ́ dáhùn pé:

Mo ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín látòkè (jẹ́jẹ́ ni o). Ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu ba kíkà sókè fún ọmọ tó ti mọ̀wé kà. A máa ń rò pé bí ọmọ bá ti ń fi ojú kàwé, kíkà sókè ti di ti ìkókó. Ẹnu ni ìjánu ojú. Nígbà tí Marc Brysbaert kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní ọdún 2019, ó rí i pé àgbàlagbà tó ń fi ojú ka ìwé tí kì í ṣe ìtàn àròsọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì máa ń ka nǹkan bí ọ̀rọ̀ 238 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá ń kà á sókè, 183 ni. Ẹ kò ní láti pariwo "rọra" mọ́ ọmọ. Ẹ ní kí ó ka ojú ewé kan sókè, kí ẹ ka èkejì, yóò rọra fúnra rẹ̀.

Fún àwa tí à ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá pẹ̀lú, ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà nínú àmì ohùn. Ọmọ tó bá ń sáré, àwòrán ọ̀rọ̀ ni ó ń rí, kò rí àmì orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ igba, igbá, ìgbà àti igbà kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Èyí tó tún dára jù fún ẹ̀kọ́ yìí, bí ó tilẹ̀ ń bí mi nínú, ni ìwé tí wọ́n tẹ̀ láìsí àmì. Ọmọ mi ka irú rẹ̀ kan sókè, ó sì fi gbogbo ẹnu kéde pé obìnrin kan ta ọkọ rẹ̀ kí ó tó rìnrìn àjò. Ó rẹ́rìn-ín títí. Mo ní kí ó máa kà á lọ. Ìlà mẹ́ta sísàlẹ̀, ẹni tó fẹ́ rà á ń béèrè bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe rí. Ọmọ náà dákẹ́, ó padà sókè, ó sì tún un kà, "Ó ta ọkọ̀ rẹ̀." Láti ọjọ́ náà, bí gbólóhùn kan kò bá bá ìkejì mu, n kì í sọ ohunkóhun, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń padà.

Ní ti ìwé orí fóònù tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì, àkójọ ìwádìí 54 kan jáde ní ọdún 2018, tí àwọn tó kópa nínú rẹ̀ lé ní 170,000. Òye àwọn tó kàwé lórí bébà ga díẹ̀ ju ti àwọn tó kà á lórí ojú kọ̀ǹpútà lọ, pàápàá nígbà tí àkókò bá há. Ṣùgbọ́n níbi tí ó ti jẹ́ ìtàn àròsọ nìkan ni wọ́n kà, ìyàtọ̀ náà kò hàn. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ ìtàn ni ẹ fẹ́ kà pọ̀, tí ìwé bébà kò sì sí, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dá yín dúró. Ìwé sáyẹ́ǹsì ni èmi kì í fẹ́ kí wọ́n kà lórí fóònù.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ní:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣeun púpọ̀. Ó yẹ kí n jábọ̀.

Mo ti ṣe ìdánrawò tí Olùkọ́ ní kí n ṣe fún àbúrò. Èyí tí mo kà sí i létí, ó ròyìn rẹ̀ kúnnákúnná, ó tiẹ̀ fi ohùn àwọn èèyàn inú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Èyí tí òun fúnra rẹ̀ kà, ọ̀rọ̀ méjì péré ni ó rántí. Nítorí náà, lọ́dọ̀ lẹ́tà ni. Wọ́n ti yẹ ojú rẹ̀ wò, kò sí wàhálà níbẹ̀. A ti bẹ̀rẹ̀ àkàtúnkà. Àyọkà kan tó gbà á ní ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ́jọ́ Ajé kò gbà á ní méjì nígbà tó fi di ọjọ́ Ẹtì, ó sì ní kí n pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá gbọ́. Ó dùn mí pé ó ku díẹ̀ kí n máa yìn ín fún ohun tó ń dà á láàmú.

Ti ẹ̀gbọ́n kò rọrùn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ojú ewé mẹ́ta ni a kà tí ó fi bi mí pé ṣé ó ti tó. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ní òun ti ka ìwé náà tẹ́lẹ̀, kí ló dé tí a tún ń kà á bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. N kò ní èsì tó dára, mo kàn ní kí a máa lọ. Ìbéèrè "Níbo lo ti rí i?" bí i nínú fún bí ọ̀sẹ̀ kan. N kò yọ bébà ara ògiri, ṣùgbọ́n orúkọ ìwé kejìlélógójì kò tíì sí níbẹ̀, ẹni tí mo sọ nínú ẹbí sì ti rí i, ó ti sọ tirẹ̀.

Lánàá, a dé ojú ewé 18. Bàbá àwọn ọmọ ìyá méjèèjì ṣì wà láàyè níbẹ̀, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n ṣì kéré, ó sì sọ lójú ọ̀nà, bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan, pé ẹni tó bá mu omi lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, ìjà ti tán láàárín wọn. Mo ń kà á lọ. Ọmọ náà gbé ọwọ́ lé ojú ewé, ó ní, "Màmá, ẹ dúró ná." Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ń ṣí i lọ síwájú, ó ń ṣí i, títí ó fi rí ibi tí wọ́n ti da omi nù. Ó fi ìka kan há ojú ewé 18, ó fi òmíràn lé orí ife náà, ó ń wo ìhín, ó ń wo ọ̀hún.

Ó ní, "Wọn kò tíì parí ìjà."

Lẹ́yìn náà ni ó bi mí bóyá ẹ̀gbọ́n náà rántí ọ̀rọ̀ bàbá wọn nígbà tí ó ń bu omi náà, bóyá ó mọ ohun tí òun ń bẹ̀bẹ̀ fún. Mo ní n kò mọ̀. Ó ní kí a má sáré dé ibẹ̀, kí a máa bọ̀ láti ibi tí a dé.